"Went" kì í ṣe ọmọ bíbí inú "go"

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí máṣíìnì. Bàbá ní àwa òbí tó ń sọ Yorùbá sọ́mọ nílé la jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kọ "I did not went". Mo júbà àgbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Aránṣọ ni mí ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Mo ti pé ọdún 43, mo sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kí n lè ṣe WAEC tí n kò rí ṣe nígbà èwe. Gírámà tó ń dààmú àwọn ọmọ yẹn, èmi náà ń bá a wọ̀yá ìjà lọ́wọ́.

Ní pírámárì, bí orin la ṣe ń kọ "go, went, gone". A ó máa jó sí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan wà fún. Tí wọ́n bá wá ní kí n kọ lẹ́tà, "I have went" ni màá kọ, tíṣà á fi bírò pupa fà á, ó tán nìyẹn.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ń kọ́ wa báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó: mo lọ, mo ń lọ, mo ti lọ, n óò lọ. Wọ́n ní kí ló yí padà lára "lọ"? Kò sí. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké iwájú rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo wàhálà. Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ó tún máa ń pààrọ̀ aṣọ fún ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀. "Ti" wa ni "have" wọn, "gone" ló sì ń tẹ̀ lé e. Ní ti "did", ó ti ru ẹrù àná. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò rí ẹrù kankan rù mọ́, ló bá padà di "go" lásán. Ọkùnrin kan tó ń kan bẹ́ẹ̀dì pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe nà mí nígbà yẹn?"

Màmá tún ní "went" kì í ṣe ọmọ bíbí inú "go" pàápàá. Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ "wend" ló bí i, kí "go" tó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Àṣé gbọ́mọgbọ́mọ wà nínú gírámà! "Cut" ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi, iṣẹ́ mi sì ni: cut lónìí, cut lánàá, bíi "gé" wa gẹ́lẹ́.

"Ń" ló wá ká mi lára jù. Bí mo bá ní "mo ń lọ s'Ítòkú", ó lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni mo wà. Bí mo bá fi "lójoojúmọ́" kún un, ìṣe mi ni mò ń sọ. "Ń" kan náà ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀: "I am going" ni ti ojú ọ̀nà, "I go" ni ti ojoojúmọ́. Ọmọ mi ọkùnrin kọ ọ́ sínú àròkọ pé "My mother is sewing cloth every day". Wọ́n fa igi lé e lórí, wọn ò sọ ìdí. Ó gbé ìwé náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Màámi, ṣé ẹ kì í ránṣọ lójoojúmọ́ ni?"

Kí ni Yorùbá ṣe nínú èyí? Òun gan-an ló là á yé mi. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6 pírámárì. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló dá dúró, ó ní tíṣà tirẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọdún kẹrin lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí ẹ máa fi Yorùbá tú ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan palẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi "ń" bẹ̀rẹ̀. N óò gé e, n óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, níbi tí èmi àtọmọ yẹn á ti máa rí i.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.