Sí Muínà, lórí ọ̀rọ̀ orúnkún Ìyá

Muínà mi,

Àsàlámù àlékùm. Òtútù Kánádà ńkọ́, ọkọ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fi dúró de ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì máa dáa ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ gbọọrọ báyìí. Orúnkún Ìyá ni.

Ìyá tó jẹ́ pé àwa la máa ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn dé ọjà Ìpátá, orí àga ni wọ́n ti ń kírun báyìí o. Orúnkún ọ̀tún wú, tó o bá fọwọ́ kàn án ó gbóná, àárọ̀ ló sì máa ń le jù. Ìyá kan tó ń kiri wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn fún wọn, nínú ọ̀rá, ó ní àgúnmu ni, àmọ́ mo tú ọ̀rá yẹn wò, hóró funfun kéékèèké wà nínú ẹ̀ tí kò lórúkọ lára. Ó sì ṣiṣẹ́! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá ń rìn káàkiri agbo ilé. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí gan-an nìyẹn. Ní báyìí ojú wọn ti wú, ó rí roboto, gbogbo àdúgbò Pàkátà ń kí wọn pé wọ́n sanra, pé owó Kánádà ń wọlé, inú wọn sì ń dùn. Muínà, ọkàn mi ń sọ fún mi pé dexamethasone ni. Oògùn yẹn máa ń lé wíwú oríkèé lọ kíá lóòótọ́, àmọ́ ó ń sọ ojú di roboto bẹ́ẹ̀, ó ń gbé ṣúgà àti ìfúnpá sókè, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ẹni tó bá sì ti lò ó pẹ́ ò gbọdọ̀ kàn dá a dúró lójijì, dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìyá tí wọ́n ti ní BP tẹ́lẹ̀!



Èmi wá gba ilé ìdáná lọ́wọ́ Ìyá, kí n lè fi oúnjẹ bá wíwú yẹn jà. Ata ilẹ̀, aáyù, ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní tọ́mẹ́ríkì, àti ìyẹré díẹ̀, màá gún un pọ̀, màá sì jẹ́ kó yí nínú epo kí n tó da ata sí i. Ata ilẹ̀ pupa yẹn, odindi ni mo ń rà, mi ò ra èyí tí wọ́n ti lọ̀, torí ní Bangladesh wọ́n ti ká àwọn kan mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ tó ní òjé kún un kó lè tàn. Ohun tó ń bá wíwú jà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní curcumin, omi ò lè yọ́ ọ dáadáa, epo ló ń yọ́ ọ, ara sì máa ń tètè lé e jáde, àyàfi tí piperine inú ìyẹré tàbí ata dúdú bá dá a dúró díẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni àwọn tó ń sè é lómi lásán mu fi ń pàdánù púpọ̀ nínú ẹ̀. Mo tún fi ẹja Titus rọ́pò ẹran nínú ọbẹ̀ lúrú, torí ọ̀rá inú ẹja yẹn náà ń bá wíwú jà. Mínírà ẹlẹ́rìndòdò tí mo ní kí wọ́n má mu mọ́ ni wàhálà wa o, Ìyá ní mo fẹ́ fi òùngbẹ pa àwọn.

Mo nígbàgbọ́ nínú oúnjẹ yìí tọkàntọkàn, àmọ́ ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́ ló fi ń rìn, kò lè ṣe ohun tí hóró funfun yẹn ń ṣe lóru ọjọ́ kan, ibẹ̀ ló sì ti ń borí mi lójú Ìyá. Kò sì lè sọ fún wa bóyá làkúrègbé lásán ni àbí gout, ìyẹn irú èyí tí yúríkì ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ ń fà, àyẹ̀wò ló máa sọ ìyẹn.

Kápúsù tọ́mẹ́ríkì tó o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́, jọ̀ọ́ má fi ránṣẹ́. Ti inú ọbẹ̀ ò ní wàhálà, curcumin inú ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ inú kápúsù wọ́n ti kó o jọ gan-an, lọ́dún 2023 ìjọba Australia kìlọ̀ pé ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Ìyá sì ń lo oògùn BP lójoojúmọ́, mi ò fẹ́ kí oògùn méjì máa bá ara wọn jà nínú wọn. Fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ ẹ́ fún gan-an rèé. Pe Ìyá. Wọn ò gbọ́ tèmi mọ́, wọ́n ní ìwé ti ń gun mi lórí, àmọ́ o mọ̀ pé kò sóhun tó o máa sọ tí wọn ò ní gbà. Sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n mú ọ̀rá oògùn yẹn dání, kí wọ́n má fi pa mọ́ fún dókítà. Ẹ̀yìn ìrun ìṣáì ni kó o pè, àlejò ti máa ń lọ nígbà yẹn. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló sọ fún ẹ, sọ pé o rí ojú wọn nínú fọ́tò ìgbéyàwó Sìdí. Màá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹ báyìí, wò ó dáadáa kó o tó pè.

Èmi ni,
Ràmọ́tà