Ìlọ́po mẹ́wàá kí ni? Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi lórí kànga hílíọ̀mù

Duluth, Minnesota

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Mo ti ka ìwé àwọn tó fẹ́ ta ṣíà kànga hílíọ̀mù, gáàsì fúfúyẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú bàlúù, fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé hílíọ̀mù tí àwọn rí nínú kànga náà jẹ́ "ìlọ́po mẹ́wàá". Ìlọ́po kí ni? Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò sì ju nǹkan bí 5 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ kò ju 50 lọ. Níbi tí hílíọ̀mù bá ti bá gáàsì ìdáná jáde, 3,000 nínú mílíọ̀nù, ìyẹn 0.3%, ni wọ́n sábà máa ń wá kí wọ́n tó náwó sí i. Àmọ́ n kò ní purọ́ mọ́ wọn: inú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń pọ́ǹpù gba inú ihò bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga ni wọ́n ti fa gáàsì yẹn, afẹ́fẹ́ sì ti là á kó tó dé ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n. Àmì lásán ni.

Ẹ tún yẹ ìjìnlẹ̀ ibi tí wọ́n ní gáàsì náà ti wá wò. Bí ẹrẹ̀ tó wà láàárín páìpù àti ògiri ihò bá jẹ́ 30,000 lítà, tí pọ́ǹpù ń ti 1,000 lítà ní ìṣẹ́jú kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni gáàsì máa fi gòkè. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ mítà 10 ní wákàtí kan, irin tó ń gbẹ́lẹ̀ ti fi mítà 5 kọjá ibi tí gáàsì ti jáde. Tí ògiri bá ya, ihò á fẹ̀, ìṣirò á yẹ̀. Èyí tó bá sì jáde nígbà tí wọ́n ń fa páìpù sókè, kí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀. Páìpù ló fà á, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń fa oògùn.

Nínú èsì láàbù, ọ́síjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Gáàsì ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kì í sábà ní in, afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 21%. Bí wọ́n bá rí 10.5%, ìdajì rẹ̀ afẹ́fẹ́ ni. Hílíọ̀mù 2% tí wọ́n kà, 4% ni tí a bá yọ afẹ́fẹ́ náà kúrò. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà sọ pé àwọn ti ṣírò rẹ̀.

Ní 2011, àwọn tó ń wá níkẹ́lì nítòsí Babbitt níbí ṣèèṣì kan gáàsì tó ní hílíọ̀mù 10.5%. Síbẹ̀, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan kì í kún sílíńdà. Ẹ bi wọ́n: ṣé gáàsì náà fúnra rẹ̀ ló ń tú jáde? Ẹsẹ̀ kúbíìkì mélòó lójúmọ́? Nígbà tí wọ́n ti kànga náà pa, ṣé agbára tí gáàsì fi ń tì jáde padà bọ̀ sípò? Ṣé omi ń bá a jáde? Bó bá ń hó jáde látinú omi bíi ti míníra tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, hílíọ̀mù ló máa ṣáájú, torí kì í fẹ́ yó sínú omi. Ìdá rẹ̀ á ga, gáàsì fúnra rẹ̀ á sì kéré.

Ẹ fi èsì wọn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ bá mi kí Màámi àti àwọn ọmọ.

Àbúrò yín,
Kúnlé