Kìlómítà Kan, Èèyàn Mélòó?

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn fún Ọ̀sẹ̀ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun
Bíbélì kíkà: 2 Samuẹli 11:18–25

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìyèdún. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ni orílẹ̀-èdè wa yà sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, nítorí ọjọ́ náà ní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Nínú ìsìn Ọjọ́ Àìkú yìí a óò gbàdúrà fún àwọn opó wọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àdúrà tó dé, ẹ jẹ́ ká tún ẹnu wa ṣe lórí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ogun. Bí ìsìn bá ti parí, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì a di ibi tí tọmọdé tàgbà ti ń fi fóònù jiyàn ogun Ukraine. “Wọ́n ti gba ìlú kan padà.” “Irọ́ ni, wọ́n ti lé wọn.” Àfi bí ẹni ń ka góòlù. Kò sí ẹni tó ń béèrè iye ọmọ ọlọ́mọ tó sùn sójú ọ̀nà kí àwọ̀ orí máàpù tó yí padà.

Joábù, olórí ogun Dáfídì ọba, mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ ogun Dáfídì sún mọ́ odi Rábà jù, àwọn tafàtafà ta wọ́n láti òkè, wọ́n kú. Joábù mọ̀ pé àṣìṣe ni. Òun fúnra rẹ̀ ló mẹ́nu ba Ábímélékì, ẹni tí obìnrin kan ju ọmọ ọlọ lù láti orí odi Tébésì. Ó wá kọ́ oníṣẹ́ ní ohun tí yóò sọ bí ọba bá fárí gá: “Ùráyà náà kú.” Ibẹ̀ ni ọkàn ọba ti rọ̀. Èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé kí Joábù má jẹ́ kí ó dun òun, idà kì í yan ẹni tí yóò pa, kí wọ́n tẹra mọ́ ìlú náà. Ẹ tún ibẹ̀ kà, ẹ ó rí i pé Bíbélì ò sọ iye àwọn tó ṣubú níbi odi yẹn. Orúkọ kan ṣoṣo ló dé ààfin, nítorí ikú ẹni náà, tí ọba ti gba ìyàwó rẹ̀, wúlò fún ọba.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nítòsí. Ẹ kúrò ní Àkúrẹ́, ẹ gba Oǹdó kọjá, ẹ ó já sí Ọ̀rẹ̀. “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Àwọn ọmọ wa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, wọn ò mọ̀ pé ogun gidi ló bí i. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá Odò Ọya wọ Asaba, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú wọ́n ti wà ní Bìní. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló ṣáájú wọn, Èkó ni wọ́n sì kọjú sí. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró. Oríta ni: ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní àti ọ̀nà Oǹdó pàdé síbẹ̀, igbó kìjikìji ló sì wà lọ́tùn-ún lósì nígbà náà, ọkọ̀ kò lè yà kúrò lójú títì. Ẹni tó bá di oríta yẹn mú, ó di gbogbo wọn mú. Ìjọba àpapọ̀ sáré kó ọmọ ogun jọ sábẹ́ Murtala Muhammed, wọ́n pè wọ́n ní Ẹ̀ka Kejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ogun ìgbapadà. Ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n wọ Bìní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, wọ́n dé Asaba.

Bí a bá fi kìlómítà wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́gun ńlá ni. Láti Ọ̀rẹ̀ dé Bìní lé ní 100 kìlómítà, láti Bìní dé Asaba lé ní 100 mìíràn, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbà wọ́n tó oṣù méjì. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò ṣe sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, àwọn ará Asaba wọ aṣọ funfun wọn, akwa ocha, wọ́n jó jáde láti kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ káàbọ̀, wọ́n ń ké pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀. Àwọn sójà ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n kó wọn lọ sí gbàgede Ogbe-Osowa, wọ́n sì fi ìbọn arọ̀jò-ọta pa wọ́n. Àwọn tó ṣe ìwádìí nípa ọjọ́ mélòó kan yẹn fojú bù ú pé àwọn tó kú wà láàárín 500 àti 1,000, àwọn mìíràn sọ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gágun Gowon lọ tọrọ àforíjì ní Asaba ní 2002, lẹ́yìn ọdún 35. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe ọ̀tá wa o. Àwọn ọmọ ogun tí a ń kí kú iṣẹ́ ni. Mi ò sọ pé kí ìjọba má gba Bìní padà; ó tọ́ kí wọ́n gbà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé Asaba wà nínú ìṣirò ogun yẹn, ẹni tó bá sì ń ka ìṣẹ́gun láìkà á, iṣẹ́ Joábù ló ń jẹ́.

Lẹ́yìn Asaba, omi ló kù. Afárá Odò Ọya, tí wọ́n parí ní 1965, gùn tó nǹkan bí kìlómítà kan àti 400 mítà. Àwọn Biafra ti fọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sá lọ. Òfin líla odò lójú ogun kò ṣòro láti sọ: bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ di etí odò mú ná, ẹ fẹ ibẹ̀ títí ìbọn ọ̀tá kò fi ní lè bá ọkọ̀ ojú omi mọ́, ẹ kó ọta àti oúnjẹ kọjá, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wọ ìlú. Ní oṣù kẹwàá yẹn, àwọn tó fi ọkọ̀ ojú omi sọdá wọ Onitsha tààrà, iná jó ọjà, ọ̀pọ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Kí wọ́n tó mọ̀, àwọn Biafra ti gbógun dé sí wọn. Ẹ̀yìn wọn, omi. Iwájú wọn, ìbọn. Wọ́n tún gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì sí i, kò bọ́ sí i. Ìgbà tó yá ni Murtala fi odò sílẹ̀, ó gba Idah lókè lọ́hùn-ún, ó sì fi ẹsẹ̀ ilẹ̀ wọ Onitsha ní oṣù kẹta 1968. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù náà gan-an, ní Abagana, àwọn Biafra ba dè ọ̀wọ́ ọkọ̀ ológun tó lé ní 90, wọ́n sì dáná sun ún.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì láti Bìní dé Asaba, ohun tó lé ní 100 kìlómítà, oṣù márùn-ún fún omi kìlómítà kan àti ààbọ̀ tí kò tilẹ̀ pé. Kìlómítà kò dọ́gba. Ohun tó wà lórí kìlómítà náà ni ká béèrè.

Ọ̀rọ̀ Ukraine náà nìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ní agbègbè Kharkiv, àwọn ọmọ ogun Ukraine gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ilẹ̀ níbùú lóròó padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Rọ́ṣíà ti kó èèyàn kúrò níbẹ̀ lọ sí Kherson, ìlà tó kù síbẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ wá rò pé bí ogun ìgbapadà tí Ukraine jà ní 2023 náà yóò ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni Rọ́ṣíà ti ń gbẹ́ yàrà ní agbègbè Zaporizhzhia, yàrà lẹ́yìn yàrà, tí wọ́n sì rì bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ níwájú wọn. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà láàárín bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò fa okùn tó kún fún ohun abúgbàmù jáde, okùn náà á balẹ̀, á bú, á sì la ọ̀nà ọkọ̀ kan tó gùn tó nǹkan bí 100 mítà. Ibi tí bọ́ǹbù wà ní àwọn apá kan jìn tó 500 mítà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ á tẹ ọ̀kan, á dúró. Èyí tó wà lẹ́yìn á yà láti gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á tẹ òmíràn. Gbogbo wọn á wá tò sójú kan náà, hẹlikọ́pítà ọ̀tá á máa yìn wọ́n láti òkèèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí Mala Tokmachka ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà nìyẹn, àwọn táǹkì Jámánì tí wọ́n ń pè ní Leopard wà nínú àwọn tó há síbẹ̀. Nínú 2 Samuẹli 18, Bíbélì sọ pé igbó pa èèyàn lọ́jọ́ yẹn ju èyí tí idà pa lọ. Ìgbà mìíràn wà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń jà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìlà igi kan sí ìkejì. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, Ukraine kéde pé àwọn ti gba Robotyne padà, abúlé tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 500 kí ogun tó dé. Òkun Azov tí wọ́n fojú sùn ṣì jìnnà, Tokmak tó wà lójú ọ̀nà, wọn ò dé ibẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, Valerii Zaluzhnyi, olórí ogun wọn nígbà náà, kọ ọ́ síta fúnra rẹ̀ pé ogun ti dúró sójú kan. Mo yin ọkùnrin náà fún ìyẹn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀gágun jẹ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe ti Joábù. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Robotyne tún bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà.

Èèyàn mélòó ni gbogbo èyí gbà? Ẹ ṣọ́ra níbí yìí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tàn wá jù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò ni “casualties,” àwọn oníròyìn wa sì sábà máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí “àwọn tó kú.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkú, ẹni tó fara gbọgbẹ́, ẹni tí wọ́n mú àti ẹni tí wọn ò rí, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Níbi tí ìtọ́jú bá ti yá, ẹni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń fara gbọgbẹ́ fún ẹnìkan tó kú. Níbi tí dúróònù bá ti ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, àwọn tó ń gbé aláìsàn kò lè jáde lójú ọ̀sán. Okùn tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró, bó bá ti kọjá wákàtí méjì, ó ti ń ba ẹran ara jẹ́. Bó bá tó wákàtí mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Nítorí náà “fara gbọgbẹ́” kì í ṣe kékeré.

Ẹni tó sọ iye yẹn náà ṣe kókó. Iye tí ìhà kan bá pè fún ọ̀tá rẹ̀, ẹ fi sẹ́yìn ná. Ní oṣù kejì 2024, Ààrẹ Zelensky sọ pé ọmọ ogun Ukraine 31,000 ló ti kú. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ó pè é ní 43,000. Gbogbo ogun náà ni iye yìí wà fún, wọn ò ya ti ogun ìgbapadà 2023 sọ́tọ̀. Ìjọba Rọ́ṣíà pe tiwọn ní 5,937 ní oṣù kẹsàn-án 2022, láti ìgbà náà wọn ò sọ iye mìíràn síta. Àwọn oníròyìn BBC àti Mediazona, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Rọ́ṣíà kan tó dá dúró, wá gba ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí jù: wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó kú, láti inú ìkéde ikú àti lára ibojì tuntun. Òkú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kà ní orúkọ. Ṣùgbọ́n iye wọn kò lè ju òtítọ́ lọ, ńṣe ni yóò dín, torí kì í ṣe gbogbo òkú ni wọ́n ń kéde.

Owó ogun kì í sì í tán lọ́jọ́ tí ìbọn bá dákẹ́. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ ECOWAS fọwọ́ sí i pé kí ìjọba Nàìjíríà san bílíọ̀nù 88 náírà lórí bọ́ǹbù ogun abẹ́lé tó kù sínú ilẹ̀, apá kan fún àwọn tó ṣe léṣe, apá kan fún híhú wọn kúrò. Ọdún 47 lẹ́yìn ogun ni o.

Luku 14:31 ní kí ọba jókòó ṣírò kó tó jáde lọ bá ọba mìíràn jà. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, tí a kì í sábà kà, ní bí kò bá lè ṣe é, kó rán ikọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà nígbà tí èkejì ṣì jìnnà. Oǹdó mọ ẹsẹ yìí. Nígbà ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tó jà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, Àlùfáà Charles Phillips tó ń ṣiṣẹ́ Olúwa ní Òde Oǹdó wà lára àwọn tó ń ru iṣẹ́ àlàáfíà lọ bọ̀ láàárín àwọn àgọ́ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886. Àgọ́ méjèèjì ti ń wo ara wọn láti ọdún pípẹ́. Kò sí ìhà tó lè lé èkejì.

Fún ìsìn Ọjọ́ Àìkú: ìwé kan wà lórí tábìlì akọ̀wé ìjọ, yóò wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni yín tí ogun pa síbẹ̀, yálà sójà ni tàbí ará ìlú, láti ìgbà ogun abẹ́lé títí dé ti Boko Haram. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti Asaba, Onitsha àti ibòmíràn wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín pẹ̀lú. Ìlà mẹ́ta la fà: orúkọ, ìlú, ọdún. A kò fa ìlà fún ìhà tó jà fún. Ẹni tí kò bá mọ ọdún, kó kọ orúkọ nìkan, a ó kà á.