Ọká ni ejò yẹn, kì í ṣe ère

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo rí àwòrán ejò ńlá tí ẹ gbé sí ojú ìwé àkọ́kọ́, èyí tí àwọn ọdẹ kan pa, tí ẹ sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé "ère tó ń lé àwọn àgbẹ̀ kiri oko". Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un wọ̀, mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe ère. Ọká ni. Kò sì lè lé ẹnikẹ́ni. (Bí ẹ bá máa ṣe àtúnṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa, kó má lọ di ọkà tí adìẹ ń ṣà jẹ.)

Ẹ lè ní kí ló kàn yín nínú orúkọ. Ó kàn yín. Ère kò lóró. Ńṣe ló ń fún ẹran mọ́ra títí ẹran á fi kú. Ẹni tí ọká bá ṣán, tó rántí pé ìwé ìròyìn pè é ní ère, á fọ ojú egbò, á lọ sùn. Ibi tó ti máa burú nìyẹn.

Orí ni ká máa wò. Orí ọká fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀ orí náà dà bí ti ewé gbígbẹ, ìlà dúdú kan là á láàárín bí egungun ewé, ìwo kékeré méjì sì yọ lókè imú. Ara rẹ̀ ki pọ́pọ́, ìrù rẹ̀ kúrú. Ìbátan paramọ́lẹ̀ ni, àmọ́ inú igbó dídí ni ọká fẹ́ràn jù, nígbà tí paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn ọ̀dàn. A máa ń rí i láti Nàìjíríà lọ sí Kóńgò, títí dé Tànsáníà àti etíkun ìlà oòrùn Gúúsù Áfíríkà.

Èmi alára ti bá a pàdé. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ìdí kòkó ni a wà, èmi àti bàbá mi àgbà. Mo fẹ́ da ẹsẹ̀ kọjá igi wíwó kan nígbà tí wọ́n di apá mi mú.

"Má sọ ẹsẹ̀ yẹn kalẹ̀."

"Kí ló dé, Bàbá?"

Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n kàn na àdá síwájú. Mo wò títí, ewé ni mo ń rí: ewé kòkó gbígbẹ, òjìji, ewé míì lórí ewé. Àfi bí ewé kan ṣe wú díẹ̀, tó tún rọlẹ̀. Mímí ló ń mí. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yọ sí mi lójú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àmì onígun mẹ́rin tí wọ́n tò lé e lẹ́yìn bí ẹní aláràbarà, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ àlùkò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ sí mi. A fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a gba ọ̀nà míì, a yọjú wò ó láti òkèèrè: ojú kan náà ló ṣì wà, kò tilẹ̀ yí orí padà.

Àwọn tó ń pọfọ̀ ti wí i tipẹ́ pé ọká kì í wá oúnjẹ lọ, oúnjẹ ní í wá bá a níbi tó ká sí. Nígbà tí mo wá di olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mo mọ̀ pé kò sí àsọdùn níbẹ̀. Òru ló máa ń ṣọdẹ, jíjókòó náà sì ni ọdẹ rẹ̀. Bí eku, ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí ẹyẹ bá kọjá nítòsí, á ta sí i kí ojú tó ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ á ṣán ẹran tán, wọ́n á fi sílẹ̀ kó lọ kú níwájú. Ọká sábà máa ń di tirẹ̀ mú ṣinṣin títí á fi dákẹ́. Bó bá sì fẹ́ kúrò lójú kan, tààrà ló ń wọ́ bí ekòló, jẹ́jẹ́. Ejò tó lè gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ, tó lè wúwo tó kílò 8, tó ń rìn bí ekòló: ta ni irú rẹ̀ máa lé bá?

Àwọn àmì dúdú ara rẹ̀ tún jẹ́ ìyanu fún mi. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì gbé ìwádìí jáde lórí ìbátan rẹ̀ tó ń gbé ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rí i pé lórí ìpẹ́ dúdú rẹ̀, àwọn nǹkan tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí to ara wọn bí ewé, tí wọ́n ń há ìmọ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n fi wúrà àti palladium, irin kan tó ń dán, bo ìpẹ́ náà. Dúdú ló ṣì ń dú.

Kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, ó sì lè bí tó 50 lẹ́ẹ̀kan. Oró ti wà lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí wọ́n délé ayé.

Eyín rẹ̀ ńkọ́? Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kò sì sí ejò olóró tí eyín tirẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ó ká wọn mọ́ àjà ẹnu ni, ìgbà tó bá fẹ́ ṣán ló ń nà wọ́n jáde. Oró tó ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan pọ̀ gan-an: ojú ibẹ̀ á wú, ẹran á máa kú, ẹ̀jẹ̀ ò ní fẹ́ dì mọ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀. Síbẹ̀ onísùúrù ni. Á kọ́kọ́ mí "fùùù" bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kí ẹni tó ń bọ̀ lè yà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìrí i, àti ẹni tó ń fi igi tọ́ ọ, àwọn ló sábà ń ṣán.

Ìpínrọ̀ ìkẹyìn ìròyìn yín ló bí mi nínú jù, níbi tí ẹ ti ní kí a fi okùn di ẹsẹ̀ ẹni tí ejò bá ṣán, kí a fi abẹ gé e, kí a fẹnu fa oró jáde. Okùn yẹn á há oró àti ẹ̀jẹ̀ mọ́ ojú kan, ẹsẹ̀ lè jẹrà. Ẹ wá tún gé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́ dì! Ńṣe ni kí wọ́n fi í lọ́kàn balẹ̀, kí wọ́n bọ́ òrùka àti bàtà kí wíwú tó dé, kí wọ́n fi igi gbe ẹsẹ̀ náà kó má mì, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò. Kó má fẹsẹ̀ rìn. Abẹ́rẹ́ tó kápá oró paramọ́lẹ̀ àti ti ṣèbé lè má kápá ti ọká, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí orúkọ tí wọ́n máa sọ fún dókítà jẹ́ èyí tó tọ́. Bí ẹnì kan bá lè ya àwòrán ejò náà láti òkèèrè, ó tó. Kí wọ́n má pa á gbé wá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni ejò ń ṣán pa lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ bá mi gbé àtúnṣe yìí sí ojú ìwé àkọ́kọ́ tí àwòrán yẹn wà, kí ẹ má lọ tì í sábẹ́ ìpolówó ìsìnkú.

Èmi ni,
Olùkọ́ bàọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìntì