Lẹ́tà ìparí sáà kìíní sí àwọn òbí: ẹ bá wa wá orúkọ àwọn sójà wa tí ogun gbé lọ

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Sáà kìíní ti parí, a dúpẹ́. Èsì ìdánwò wà nínú báàgì àwọn ọmọ yín; ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á, ẹ fọwọ́ sí i, kí wọ́n mú un padà lọ́jọ́ tí a bá wọlé. Ọ̀rọ̀ owó PTA àti ti WAEC fún àwọn SS3 wà nínú ìwé kejì tó bá lẹ́tà yìí wá, n kò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lọ́kàn mi.

Ní oṣù kọkànlá, olùkọ́ Ìtàn wa bi àwọn ọmọ JSS3 pé ta ló mọ ẹnì kan láti ìlú tàbí abúlé rẹ̀ tó kú sójú ogun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló nawọ́. Ó ní kí wọ́n dárúkọ ẹni náà, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. "Bàbá bàbá mi kan ni, sà." "Sójà kan ní agboolé wa." "Wọ́n ní Bọ́mà ló kú sí." Orúkọ mẹ́ta péré ló jáde. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni mo dúró sí, ojú sì tì mí, nítorí bí wọ́n bá bi èmi náà, "ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó lọ Bọ́mà" ni ǹ bá wí. N kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ níhìn-ín kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ọmọ Èmùré-Ilé ni olóògbé Isaac Fadoyebo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ yín tó wà ní SS2. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì kó wọn lọ sí àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ogun 81, tí wọ́n kó jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gambia. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ kò sí nínú igbó yẹn. Orí ni àwọn èèyàn wa fi ru ẹrù, bàálù ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáánì ká wọn mọ́ etí odò. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ni wọ́n ṣẹ́ kù síbẹ̀, àwọn ará abúlé sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló gbà wọ́n sílé, bẹ́ẹ̀ ikú ni fún òun àti ìdílé rẹ̀ bí àwọn ará Jàpáánì bá mọ̀. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó rí wọn gbà sílẹ̀. Bàbá Fadoyebo padà wálé, wọ́n sì gbé ayé títí di 2012.

Bàbá padà wálé, wọ́n sì kọ ìtàn wọn sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní etí odò yẹn kò rí ìtàn kankan kọ.

Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀ta. Láyé ogun àwọn baba wa, bí jagunjagun bá kú sọ́nà jíjìn tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gé nínú irun orí àti èékánná rẹ̀, wọ́n á gbé e wálé fún àwọn ẹbí láti sin. Kò sí ẹni tó gbé ẹ̀ta wá láti Bọ́mà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni òpó òkúta gíga gíga ní Taukkyan, lẹ́bàá Yangon, tí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn bíi 27,000 tí a kò mọ sàárè wọn sí lára. Orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Lójú tèmi, orúkọ yẹn ni ẹ̀ta wọn, ó sì yẹ kí ó dé ilé.

Ti ogun Jámánì àkọ́kọ́, Ogun Àgbáyé Kìíní, tilẹ̀ burú jù. Àwọn aláàárù tó bá ọmọ ogun lọ sí Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kú lọ bí ewé. Ní 2021, àjọ Commonwealth tó ń tọ́jú ibojì àwọn tó kú sógun jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ó kéré tán, 116,000 èèyàn, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn kò rántí rárá.

Ogun abẹ́lé ńkọ́? Gbogbo wa la ń sọ pé "ó le kú, ìjà Ọrẹ," a ń fi í ṣeré, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ wa níbí ni Ọrẹ wà, àwọn èèyàn kú síbẹ̀ ní 1967. Ẹ̀yin òbí wa tó jẹ́ Ìgbò, tí ẹ ń gbé láàrin wa tí ọmọ yín ń kàwé lọ́dọ̀ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ mú orúkọ àwọn tiyín wá pẹ̀lú. Inú ìwé kan náà ni wọn yóò wà. 15 January tí a fi ń ṣe ìrántí àwọn sójà tó kú sógun ní Nàìjíríà, ọjọ́ tí ogun yẹn parí ní 1970 ni. Kí ó tó di ìgbà náà, 11 November ni wọ́n ń ṣe é.

Ọmọ kan sì wà láàrin wa tí bàbá rẹ̀ jẹ́ sójà tó kú ní Borno. Ìyá rẹ̀ ti fún mi láyè láti sọ ọ́. Nígbà tí mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí a ka orúkọ ọkọ wọn, wọ́n ní kí a kà á, kí a kà á pé pérépéré, tòun ti orúkọ àárín, nítorí lọ́jọ́ tí rédíò ròyìn rẹ̀, "àwọn sójà mélòó kan" ni wọ́n pè wọ́n.

Iṣẹ́ ìsinmi tí a fún àwọn ọmọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà ní Kérésì yìí, kí wọ́n béèrè. Orúkọ nìkan kò tó, nítorí akọ̀wé àwọn òyìnbó sábà máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá fún sójà: Làwànì tó wá láti Ìbàdàn á di Làwànì Ìbàdàn, ẹbí rẹ̀ á wá a títí, wọn kò ní rí i. Nítorí náà, kí wọ́n kọ oríkì, agboolé, ìlú, àti orúkọ ẹni tí wọ́n jọ wọṣẹ́. Bí fọ́tò, ìwé tàbí nọ́ńbà ológun bá wà nílé, ẹ má fi rán ọmọ. Ẹ gbé e wá fúnra yín, a ó ya àwòrán rẹ̀, ẹ ó sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa yóò bá wa wá àwọn orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Bí 15 January bá bọ́ sí ọjọ́ ìwé, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni a ó kà wọ́n ní ìtò. Bí kò bá bọ́ sí i, ọjọ́ ìwé tó tẹ̀ lé e ni. Àga yóò wà fún àwọn àgbà.

Èmi náà ti lọ béèrè. Àǹtí bàbá mi tó kù láyé sọ orúkọ náà fún mi, wọ́n sì ki oríkì rẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí onígi kékeré kan wà níbẹ̀, èyí tó fi sílẹ̀ nígbà tó wá kí ilé kẹ́yìn. Wọ́n ń kó gèlè sí i. Mo fi aṣọ tútù nu ìdérí rẹ̀, lẹ́tà NA tó máa ń ṣíwájú nọ́ńbà ológun àwọn sójà Nàìjíríà nígbà náà sì yọ ní ọ̀dà funfun, pẹ̀lú àyè nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Méjì ti parẹ́. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé kìíní ìwé wa, mo kọ nọ́ńbà mẹ́ta tó hàn sí i, mo sì fi àyè méjì sílẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá ilé ìwé