Nípa ìbéèrè nọ́ḿbà tó ń dà ọ́ láàmú

Bùsọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Birmingham o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí. Inú mi dùn pé wọ́n ti pè ọ́ fún ìdánwò iṣẹ́ yẹn. Ìbéèrè nọ́ḿbà tí o ní ó ń fọ́ ọ lórí, òun náà ni mo ń bá àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi fà lójoojúmọ́.

Wo 7 : 48 :: 11 : ?. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, bí 7 ṣe bá 48 tan, nọ́ḿbà wo ni 11 náà bá tan bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn á yọ 7 kúrò nínú 48, wọ́n á rí 41, wọ́n á fi kún 11, ó di 52. Ẹni tó ṣe ìbéèrè á sì ti gbé 52 sáàárín àwọn ìdáhùn tí wọ́n ní kí o mú ọ̀kan nínú wọn, dè wọ́n! Ìwọ, wo 48 dáadáa. 49 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 7 lọ́nà 7 sì ni 49. Wọ́n kàn yọ 1 kúrò ni. 11 lọ́nà 11 jẹ́ 121, yọ 1, ó ku 120. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí o há 1 lọ́nà 1 sórí títí dé 30 lọ́nà 30. Bí 26, 63 tàbí 122 bá yọjú, wàá ti mọ ilé tó ti wá.

Nígbà míì, wọ́n á ní kí o tú nọ́ḿbà palẹ̀: 83 : 24 :: 57 : ?. 8 lọ́nà 3 jẹ́ 24, nítorí náà 5 lọ́nà 7, 35.

Èyí tó ń mú àwọn ọmọ mi jù ni 13 : 17 :: 29 : ?. Gbogbo wọn á rí i pé 4 ni wọ́n fi kún 13, wọ́n á fi 4 kún 29, wọ́n á pariwo 33, bẹ́ẹ̀ 31 ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn 13, 17 ló kàn nínú àwọn nọ́ḿbà tí kò sí ohun tó lè pín wọn dọ́gba àfi 1 àti ara wọn. Lẹ́yìn 29, 31 ni.

Ká sòótọ́, 33 kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí wọ́n bá fún ọ ní 4 : 16 nìkan, o lè sọ pé ìlọ́po mẹ́rin ni, tàbí 4 lọ́nà 4, tàbí pé wọ́n fi 12 kún un. Tí wọ́n bá wá fi 7 síwájú rẹ, 28, 49 àti 19 ló ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, kọ́kọ́ wo àwọn ìdáhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Èyí tí kò sí níbẹ̀, gbàgbé ẹ̀. Bí 28 àti 49 bá jọ wà níbẹ̀, ẹni tó ṣe ìbéèrè ló jẹ̀bi. Èmi á mú 49, màá sì kọjá lọ. Àwọn ìbéèrè tó ń fúnni ní àpẹẹrẹ méjì kí wọ́n tó béèrè ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn, torí wàá rí ibi tí o ti lè dán òfin rẹ wò.

Èyí tó bá tún le, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, má dúró de lẹ́tà. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ṣadé, Ìbàdàn