Wọn Ò Kọ Veda, Wọ́n Gbọ́ Ọ Ni

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ má bínú bí ohùn mi bá le.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹkún ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjìlá, fi wọlé láti ilé ìwé níbí ní Leicester. Wọ́n bi wọ́n nínú iṣẹ́ àṣetiléwá pé ta ló kọ ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Hindu, ẹ̀sìn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Ó dáhùn pé kò sẹ́ni tó kọ Veda, àwọn ọ̀rọ̀ mímọ́ wọn tó pẹ́ jù, pé àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ gbọ́ ọ ni, wọ́n sì há a sórí. Olùkọ́ fi bírò pupa fa igi lé e, ó kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: Bhagavad Gita ni Bíbélì àwọn Hindu, Vyasa ló kọ ọ́. Ó fún ọmọ mi ní òdo. Mo lọ bá wọn, wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé àwọn nìyẹn.

Ìwé wo? Àwọn Hindu fúnra wọn ló pe Veda mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní shruti, ìyẹn “ohun tí a gbọ́”. Smriti, “ohun tí a rántí”, ni wọ́n ń pe àwọn ìtàn àtijọ́ wọn, Ramayana, àwọn Purana àti Mahabharata. Inú Mahabharata ni Gita wà, orí 18, ẹsẹ 700, ọ̀rọ̀ tí òrìṣà Krishna bá Arjuna, jagunjagun kan, sọ lójú ogun ní Kurukshetra. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn ló mọ̀ ọ́n ju Veda lọ. Pé Vyasa, ọlọ́gbọ́n àtijọ́ kan, ló ni Mahabharata, wọ́n gbà. Pé ó kọ Veda, rárá. Wọ́n ní ó pín in sí mẹ́rin ni. Àwọn onímọ̀ Mimamsa, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Hindu, tilẹ̀ ní Veda ò ní olùpilẹ̀ṣẹ̀ kankan, ì báà ṣe èèyàn, ì báà ṣe Ọlọ́run. Ẹgbẹ́ onímọ̀ mìíràn, àwọn Nyaya, ò gbà, wọ́n ní Ọlọ́run ló sọ ọ́. Àríyànjiyàn ńlá tó ti pẹ́ nìyí, òun ni wọ́n fi bírò pupa parí.

Bàbá kan ló múlé tì wá, ará Gujarat ní Íńdíà, ilé àlùfáà ni wọ́n bí wọn sí. Ọ̀dọ̀ wọn lọmọ mi ti gbọ́ ọ. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ṣíwájú nínú Rigveda, ọ̀kan nínú Veda mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n fi ń yin Agni, iná mímọ́, wọ́n wá ń tò ó báyìí: ení, èjì, èjì, ení, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀ta, èjì, ení, ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èjì. Ghana ni wọ́n ń pe irú kíké bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá bọ́, kíá ló máa hàn. Orí wọn ń lọ sókè sódò bí ohùn ṣe ń lọ, torí ohùn mẹ́ta ni Veda ní. Wọ́n sọ ìtàn òrìṣà Tvashtri fún wa, tó fẹ́ bí ọmọ tí yóò pa Indra, ọba àwọn òrìṣà. Ó ṣi ohùn pè lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “ẹni tó máa pa Indra” di “ẹni tí Indra máa pa”, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fọ́mọ náà. Yorùbá wo ni ìyẹn ò ní yé?

Babaláwo ni bàbá tó bí bàbá mi. Wọn ò mọ ìwé kà, àmọ́ ẹsẹ Ifá ò wọ́n lẹ́nu wọn. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde kíké Veda ní ọdún 2003, wọ́n kéde Ifá ní 2005, pé ìṣúra tí ẹnu ń pa mọ́ ni méjèèjì. Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi dùn mí dé egungun nìyẹn.

Wọn ò kọ ọ́, wọ́n gbọ́ ọ ni! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn orin Rigveda, 1,028 ni wọ́n, ti wà láti nǹkan bí ọdún 1500 sí 1000 ṣíwájú ìbí Kristi. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ tó wà ní ìlú Pune ní Íńdíà, ọdún 1464 ni wọ́n kọ èyí tó pẹ́ jù. Ọdún 1849 ni Max Müller, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń yan ohun tọ́mọ wa máa kọ́ ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Lójú tiwọn, ẹ̀sìn gbọ́dọ̀ ní ìwé kan àti ẹnì kan tó kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n pe ẹni tó ń ké Veda wá sí kíláàsì kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kó ké ẹsẹ kan, káwọn ọmọ gbè é. Kó wá to ọ̀rọ̀ náà ní ghana, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dán an wò, kí olùkọ́ náà dìde kó dán an wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́. UNESCO ní ẹ̀ka kíké Veda lé ní ẹgbẹ̀rún tẹ́lẹ̀, 13 péré ló kù. Ká gbọ́ ọ nígbà tí olùké ṣì wà.

Kí wọ́n yọ “Bíbélì àwọn Hindu” kúrò nínú ìwé. Kí wọ́n dá máàkì ọmọ mi padà. Bàbá tó múlé tì wá ní àwọn ṣe tán láti lọ sí kíláàsì náà, ọjọ́ yòówù tí wọ́n bá mú.

Èmi ni,
Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan,
Leicester.